Ẹ̀kọ́ Wa T'Oṣù Yìí: A Kì Í Fá Orí Lẹ́yìn Olórí

 

Gbogbo wa la ti gbọ́ pé káńsù fẹ́ fẹ ọgbà ìgbafẹ́ tó wà lẹ́yìn ọjà. Wọ́n ti fi ìwé pe ará àdúgbò àti ẹgbẹ́ wa sí ìpàdé, kí wọ́n lè gbọ́ tẹnu wa. Láti ọjọ́ tí ìwé náà ti dé ni ọ̀rọ̀ ti di méjì láàárín wa. Àwọn kan ní ká má lọ, pé ìjọba ti parí ọ̀rọ̀ kó tó pe èèyàn. Àwọn kan ní ká lọ, ká lọ pariwo. Ẹ̀kọ́ tí a mú wá ni pé ọ̀nà kẹta wà: ká ka ara wa, ká kọ ohun tí a ní sílẹ̀, ká sì gbé e síwájú wọn kí wọ́n tó fa ìlà sórí ilẹ̀.

KÍ NI ỌGBÀ YÌÍ?

Páàkì ni ìwé káńsù pè é. Kì í ṣe gáréèjì o, kì í ṣe ibi tí ọkọ̀ ti ń kó èrò. Ibi tí wọ́n gbin igi àti koríko sí ni, tí ọmọdé ń ṣeré, tí àgbà ń jókòó gba atẹ́gùn. A kò bá ọgbà jà. Ilẹ̀ tó ní koríko máa ń fa omi òjò mu, èyí tí wọ́n da sìmẹ́ǹtì bò kì í fà á. Ẹni tó bá sì wá gbafẹ́, á ra omi, á ra ọsàn, á ra ẹ̀pà lọ́wọ́ wa. Ohun tó ń kọ wá lóminú ni apá ibi tí wọ́n máa fẹ̀ ẹ́ sí. Bó bá jẹ́ apá ìsọ̀ aláta àti ẹlẹ́fọ̀ọ́, àwọn wo ni yóò ṣí kúrò, ibo ni wọn yóò sì lọ?

TA LÓ NI IṢẸ́ NÁÀ?

Ìwé òfin ilẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 1999 to iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ. Ọjà wà níbẹ̀, gáréèjì wà níbẹ̀, ọgbà ìgbafẹ́ náà wà níbẹ̀. Ilẹ̀kùn kan náà là ń kàn. Káńsù tó ń gba owó ìsọ̀ lọ́wọ́ wa ló yẹ kó tọ́jú ọjà, òun náà ló yẹ kó tọ́jú ọgbà. Kò yẹ kó fi ọwọ́ ọ̀tún tú ohun tí ọwọ́ òsì rẹ̀ tò.

OHUN TÓ ṢẸLẸ̀ NÍ NEW YORK

Ẹ jẹ́ ká wo ibi tí irú ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹlẹ̀ rí. Ní ìlú New York ní Amẹ́ríkà, ọgbà ńlá kan wà tí wọ́n ń pè ní Central Park. Kí wọ́n tó ṣe é, abúlé kan wà lórí ilẹ̀ náà tó ń jẹ́ Seneca Village. Ní 1825, nígbà tí òwò ẹrú kò tí ì kásẹ̀ nílẹ̀ níbẹ̀ tán, àwọn aláwọ̀ dúdú tí kì í ṣe ẹrú bẹ̀rẹ̀ sí í fi owó ara wọn ra ilẹ̀. Andrew Williams, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń dan bàtà jẹun, ra pọ́lọ́ọ̀tì mẹ́ta ní dọ́là 125. Nígbà tó fi di 1855, èèyàn bí 225 ló ń gbé abúlé náà, wọ́n sì ní ṣọ́ọ̀ṣì mẹ́ta àti ilé ìwé.

Ní 1853, ìjọba ṣe òfin pé àwọn yóò gba ilẹ̀ náà ṣe ọgbà. Òfin ti jáde kó tó kan ará abúlé láti sọ̀rọ̀, ohun tó kù fún wọn kò ju kí wọ́n máa jiyàn iye owó lọ. Williams ní ilé àti ilẹ̀ òun tó dọ́là 3,500. Dọ́là 2,335 ni wọ́n fún un. Ẹni tó háyà ilé kò rí owó ilẹ̀ gbà rárá. Àwọn ìwé ìròyìn sì ń kọ ọ́ bí ẹni pé ilẹ̀ onílẹ̀ ni gbogbo wọn pàgọ́ sí. Kí 1857 tó parí, kò ku ẹnì kan. Ní 1863 wọ́n tún fẹ ọgbà náà sí ìhà àríwá, ó di éékà 843. Ní 2011 ni àwọn onímọ̀ gbẹ́ ilẹ̀ ibẹ̀, wọ́n bá kẹ́tùlù onírin àti bàtà ọmọdé.

Ẹ kò ri pé ọgbà náà dára, àmọ́ ẹkún wà lábẹ́ rẹ̀?

Ohun tí a rí kọ́ níbẹ̀ jẹ́ mẹ́ta. Lẹ́yìn tí òfin bá ti jáde, ọ̀rọ̀ owó nìkan ló kù, kì í tún ṣe ọ̀rọ̀ ibi tí ìlà máa gbà mọ́. Ẹni tó ní ìwé lọ́wọ́ ló rí nǹkan gbà. Ẹni tí kò bá sọ ẹni tí òun jẹ́, ẹlòmíràn á bá a sọ ọ́.

TI ILÉ WA ŃKỌ́?

Òfin ilẹ̀ ti ọdún 1978 fún gómìnà láṣẹ láti gba ilẹ̀ fún ànfààní gbogbo ìlú. Ẹni tó kọ́ nǹkan sórí ilẹ̀ náà tàbí tó gbin nǹkan, òfin ní kí wọ́n san owó rẹ̀ fún un. Ìwé òfin 1999 náà ní kí wọ́n má fi owó náà falẹ̀, ẹni tí kò bá tẹ́ lọ́rùn sì lè lọ sí kóòtù.

Àmọ́, ẹ jẹ́ ká bi ara wa: ẹni tó pàtẹ sábẹ́ agboòrùn, kí ló kọ́, kí ló gbìn? Tíkẹ́ẹ̀tì ojoojúmọ́ nìkan ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí a kò bá sọ̀rọ̀ rẹ̀ níbi ìpàdé, kò sí ẹni tó máa bá wa sọ ọ́.

OHUN TÍ A Ó ṢE

1. Kí olórí ìsọ̀ kọ̀ọ̀kan ka àwọn èèyàn rẹ̀: onísọ̀, alátẹ, aláàárù, títí kan ọmọ tó ń kiri. Kó kọ orúkọ wọn, ohun tí wọ́n ń tà, àti ọdún tí wọ́n ti wà níbẹ̀.

2. Ẹ kó rìsíìtì àti tíkẹ́ẹ̀tì jọ. Ẹ má fi dí ẹ̀pà mọ́ o!

3. Ìbéèrè mẹ́rin ni a ó bi káńsù. Ibo ni ìlà máa gbà, ẹ fi àwòrán ilẹ̀ hàn wá? Ìgbà wo ni iṣẹ́ máa bẹ̀rẹ̀? Ibo ni a ó ti máa tà kí iṣẹ́ tó parí? Ta ni yóò ní àyè láti tajà nínú ọgbà, èló ni yóò sì máa san?

4. Ẹni mẹ́ta péré ni yóò sọ̀rọ̀ fún wa. Akọ̀wé yóò kọ gbogbo ìlérí sílẹ̀, àwọn káńsù yóò fọwọ́ sí i, ẹ̀dà kan yóò wà lọ́wọ́ Ìyálọ́jà.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ká má lọ, a gbọ́ yín, ìdí wà tí ẹ fi ń bẹ̀rù. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Bí wọ́n bá tiẹ̀ ti parí ọ̀rọ̀ lóòótọ́, kó wà nínú ìwé pé a wá, a sọ ọ́, wọn kò gbọ́. Ìwé yẹn ni lọ́yà máa kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ wa.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ NÍ ÌSỌ̀ KỌ̀Ọ̀KAN

Àwọn mélòó ló wà ní ìsọ̀ yín tí kò ní ìwé kankan? Bí wọ́n bá ní kí ìdajì yín ṣí, ibo lẹ rò pé ó bójú mu? Kí lẹ fẹ́ kí ọgbà náà ní tó máa ṣe ọjà láǹfààní: omi ni, ilé ìyàgbẹ́ ni, àbí iná?

Ẹ mú ìdáhùn yín wá sí ìpàdé ẹgbẹ́. Ẹni tí kò bá lè kàwé, kó jẹ́ kí ọmọ rẹ̀ ka ẹ̀kọ́ yìí sí i létí lálẹ́ òní.