Ìdí tí Àwọn Onímọ̀ fi Ń Dẹ Pàkúté fún Asín àti Eku

Àwọn ọdẹ Ìbàràpá, láti Èrúwà dé Igbó-Ọrà, mọ òkété yàtọ̀ sí ẹmọ́, òórùn asín kò sì ṣe àjèjì sí wọn. Ẹran ọbẹ̀ ni ọdẹ ń wá. Àwọn onímọ̀ nípa ẹranko náà a máa dẹ pàkúté fún àwọn ẹran kéékèèké wọ̀nyí, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ ni wọ́n ń wá lára wọn.

Bí wọ́n ti ń ṣe é nìyí. Ní ìrọ̀lẹ́, wọn a to pàkúté sí etí igbó tàbí ẹ̀yìn ilé, wọn a sì fi oúnjẹ tí ó ń ta sánsán sínú rẹ̀. Àwọ̀n tí òwú rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n ń ta fún ẹyẹ. Ní òwúrọ̀ kùtùkùtù, wọn a yẹ gbogbo rẹ̀ wò. Olúkúlùkù ẹran tí wọ́n bá mú ni wọ́n ń fún ní nọ́ńbà. Wọn a kọ ọjọ́ àti ibi tí wọ́n ti mú un sílẹ̀, bí ibẹ̀ ti ga tó, ìwọ̀n ara rẹ̀, àti gígùn ìrù, ẹsẹ̀ àti etí rẹ̀. Wọn a fi òwú kún awọ rẹ̀, wọn a tọ́jú agbárí rẹ̀, wọn a sì fi ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ pamọ́ sínú yìnyín. Ẹran tí kò ní àkọsílẹ̀ kò wúlò púpọ̀ fún ẹ̀kọ́, bí ó ti wù kí ó ṣọ̀wọ́n tó.

Kí ni èrè iṣẹ́ yìí? Ní ọdún 1968, àwọn onímọ̀ Yunifásítì Ìbàdàn mú asín ní Mọ́kọ́lá, ní ìgboro Ìbàdàn. Wọ́n rí kòkòrò àrùn kan lára rẹ̀ tí ó jẹ́ ìbátan ti dìgbòlugi, a sì fi orúkọ àdúgbò náà pè é. Ní ọdún 1971, kòkòrò yìí pa ọmọdé kan ní Nàìjíríà. Nítorí pé a ti mọ̀ ọ́n lára asín, ó ṣeé ṣe láti dá a mọ̀ lára ọmọ náà. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ti ibà Lassa, tí a kọ́kọ́ mọ̀ ní ọdún 1969. Pàkúté tí a dẹ ní Sierra Leone ní ọdún 1972 ni ó fi hàn pé eku kan tí ó máa ń wọ ilé ni ó ń gbé e kiri.

Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ọwọ́ lásán gbé òkú asín tàbí eku, kí ọmọdé má sì fi í ṣeré. Kí a má ṣe sá gàrí sí ibi tí eku lè gbà kọjá, kí a sì máa de oúnjẹ. Bí ọ̀kan nínú wọn bá géni jẹ, kí a fi ọṣẹ àti omi púpọ̀ fọ ojú ọgbẹ́ náà lójú ẹsẹ̀, kí a sì lọ sí ilé ìwòsàn. Abẹ́rẹ́ dìgbòlugi kò lágbára tó lórí kòkòrò Mọ́kọ́lá. Ṣùgbọ́n ẹni tí ajá bá gé jẹ kò gbọdọ̀ fi abẹ́rẹ́ náà falẹ̀.

Bí àwọn onímọ̀ bá sì dé abúlé pẹ̀lú pàkúté wọn, kí àwọn ọdẹ fi ipa ọ̀nà ẹran hàn wọ́n, kí wọ́n sì sọ orúkọ tí wọ́n ń pè é. Orúkọ náà pàápàá yẹ ní kíkọ sínú ìwé.