Orí Kẹjọ: Bí A Ṣe Ń Fi Kẹ̀kẹ́ Gun Òkè

Nígbà kan, ẹni tó bá ní kẹ̀kẹ́ Raleigh ní Èkìtì, ẹni ńlá ni. Olùkọ́ ń gùn ún lọ sí ilé ìwé. Oníkòkó ń gùn ún lọ sí oko. Adẹ́mu a so kẹ́ẹ̀gì ẹmu mọ́ kárìà, a sì gba ọ̀nà ìgbẹ́ lọ ní kùtù hàì. Nígbà tí ọ̀kadà dé, kẹ̀kẹ́ di ohun ìgbàgbé. Lónìí, bí àgbàlagbà bá gun kẹ̀kẹ́ kọjá ní Orin, ní Ìdó tàbí ní Ìkọ̀lé, wọ́n á bi í léèrè bóyá ọ̀kadà rẹ̀ ló bàjẹ́.

Síbẹ̀, àwọn kan wà tí wọ́n ní mọ́tò nílé, tí wọ́n á fi í sílẹ̀, tí wọ́n á kó ara wọn jọ ní ọ̀rẹ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún, tí wọ́n á sì fi kẹ̀kẹ́ rin àárín òkè fún odidi ọ̀sẹ̀ kan. Wọn kò lọ tajà, wọn kò sì lọ kí àna. Fàájì ni wọ́n ń ṣe. Ibi tí wọ́n bá sùn sí lálẹ́ ni wọ́n á ti gbéra láàárọ̀.

Ítálì wà lára àwọn ilẹ̀ tí àṣà yìí ti gbilẹ̀ gan-an. Láti ọdún 1909 ni wọ́n ti ń sá eré kẹ̀kẹ́ tí à ń pè ní Giro d'Italia níbẹ̀. Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n fi ń sá a, òkè sì pọ̀ nínú rẹ̀. Ọ̀kan lára àwọn òkè náà ni Stelvio. Orí ọ̀nà rẹ̀ ga ní mítà 2,757. Bí ènìyàn bá gbà á láti ìhà abúlé Prato, kìlómítà 24 ni yóò gùn kó tó dé òkè, kọ́nà 48 ni yóò sì yà. Kì í ṣe àwọn asáré nìkan ló ń gùn ún. Àwọn bàbá tí irun wọn ti funfun ń gùn ún, àwọn ìyá náà ń gùn ún. Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe é? Ohun tí a fẹ́ mọ̀ nìyẹn.

Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ pé eré òyìnbó ni. Àwọn ará Ítálì ló mú eré kẹ̀kẹ́ dé Eritrea ní Áfíríkà nígbà tí wọ́n ń ṣàkóso ibẹ̀. Orí òkè ni Asmara, olú-ìlú Eritrea, wà. Ọmọ ìlú náà kan, Biniam Girmay, lọ sí Ítálì ní ọdún 2022, ó sì gba ipò kìíní ní ọjọ́ kan nínú Giro. Òun ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ láti Áfíríkà tó ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ṣeni láàánú pé nígbà tó ń ṣí ìgò wáìnì láti fi yọ̀, ìdérí ìgò fò bà á lójú, kò sì lè bá wọn sá a mọ́ lọ́jọ́ kejì.

Àwa Yorùbá náà ní tiwa. Ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ orúkọ Ajàlá nítorí pé Ebenezer Obey fi kọrin. Mashood Olabisi Ajala ni orúkọ rẹ̀. Ní oṣù kẹfà ọdún 1952, nígbà tó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní Amẹ́ríkà, ó gun kẹ̀kẹ́ kúrò ní Chicago, ó kọrí sí Los Angeles. Máìlì 2,280 ni. Aṣọ ìbílẹ̀ wa ló wọ̀, ó sì ń dúró ní ìlú dé ìlú láti bá àwọn ènìyàn sọ̀rọ̀ nípa Áfíríkà. Lẹ́yìn náà ló wá gun alùpùpù Vespa káàkiri ayé. Òun nìkan ló dá gbogbo rẹ̀ ṣe, èmi kò sì ní gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn pé kó ṣe bíi tirẹ̀. Ẹ wá ọ̀rẹ́.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí ọ̀rọ̀ òkè. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé agbára ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń gùn ún. Agbára wúlò, àmọ́ gíà ló ń ṣe iṣẹ́ náà. Ẹ wo kẹ̀kẹ́ Raleigh àtijọ́. Irin róbótó tó ní eyín wà níbi tí pẹ́dàlì wà, òmíràn tó kéré sí i wà lára táyà ẹ̀yìn. Ṣéènì ló so méjèèjì pọ̀. Bí ti iwájú bá ní eyín 48, tí ti ẹ̀yìn sì ní 18, nígbàkígbà tí ẹ bá yí pẹ́dàlì ká lẹ́ẹ̀kan, táyà ẹ̀yìn á ti yí ju ìgbà méjì àbọ̀ lọ. Kẹ̀kẹ́ á ti lọ tó mítà mẹ́fà, ó dín díẹ̀. Lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, ìyẹn dára. Lórí òkè, orúnkún á máa ké.

Kẹ̀kẹ́ tí wọ́n ṣe fún òkè ní ọ̀pọ̀ irin eléyín lẹ́yìn, kékeré àti ńlá. Ẹni tó ń gùn ún lè sún ṣéènì láti orí ọ̀kan bọ́ sórí èkejì. Gíà nìyẹn. Bí ó bá sún un sórí èyí tó tóbi, tí eyín iwájú àti ti ẹ̀yìn sì dọ́gba, ẹ̀ẹ̀kan tó bá yí pẹ́dàlì, ẹ̀ẹ̀kan ni táyà yí. Kẹ̀kẹ́ lọ bíi mítà méjì péré, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ fúyẹ́. Òkè náà kò kúrú sí i o. Ó dà bí ẹni tó ní ọgọ́ta iṣu láti kó wálé láti oko: ó lè rù wọ́n lẹ́ẹ̀kan, kí ọrùn rẹ̀ sì kán, ó sì lè pín wọn sí ọ̀nà mẹ́fà. Gbogbo iṣu ló máa délé. Ìdí nìyẹn tí bàbá arúgbó fi lè gun Stelvio, tí géńdé tó wà lórí kẹ̀kẹ́ tí kò ní gíà yóò sì sọ̀ kalẹ̀ láti máa tì í. Títì kì í ṣe ìtìjú. Àwọn bàbá wa ti kẹ̀kẹ́ tí wọ́n di kòkó lé gun òkè, kò sí ẹni tó fi wọ́n ṣẹ̀sín.

Ohun kejì ni ìwọ̀n eré. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ní ìsàlẹ̀ òkè, ara ṣì ń ta ènìyàn, á fẹ́ sáré. Kó má sáré. Ẹ máa bá ara yín sọ̀rọ̀ bí ẹ ti ń gùn ún. Bí ẹ kò bá lè sọ gbólóhùn kan tán láìmí gúlegúle, ẹ ti ń yára jù. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò yá ni kó wà níwájú, kí gbogbo yín máa bá a lọ. Ẹni tó lágbára jù ni kó wà lẹ́yìn pátápátá, kó sì gbé pọ́ńpù dání. Mo mọ̀ pé àwọn ọ̀dọ́kùnrin kì í fẹ́ gbọ́ èyí. Àmọ́ ẹni tó bá sáré lọ dé orí òkè, á kàn jókòó síbẹ̀ nínú oòrùn, á máa dúró de àwọn tó kù ni.

Nípa oúnjẹ, ẹ jọ̀ọ́, iyán kọ́ ni oúnjẹ àárọ̀ ọjọ́ yìí. Mo mọ ẹni tí mò ń bá sọ̀rọ̀, Èkìtì ni wá. Ẹ fi iyán sí alẹ́, nígbà tí ẹ bá ti dé ibi tí ẹ máa sùn, ẹ̀yin àti iyán lẹ kù. Lójú ọ̀nà, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́, ẹ̀pà àti omi ló dára. Ẹ máa jẹ díẹ̀díẹ̀ kí ebi tó pa yín, ẹ sì máa mu omi kí òùngbẹ tó gbẹ yín.

Ó yá, ọ̀nà wo la lè gbà? Ẹ kọ́kọ́ fi ọ̀nà ìhà àríwá dánra wò. Láti Orin sí Ìdó kò jìnnà. Ìdó ni ilé ìwòsàn ńlá ti ìjọba àpapọ̀ wà, ó sì dára kí a mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí a tó gbéra. Láti ibẹ̀, ẹ gba Ìfàkì lọ sí Ọ̀yẹ́, níbi tí yunifásítì ìjọba àpapọ̀ wà láti ọdún 2011, kí ẹ sì parí rẹ̀ sí Ìkọ̀lé. Ọ̀nà yìí ń gòkè, ó ń sọ̀ kalẹ̀, ṣùgbọ́n kò burú. Ẹ sùn, kí ẹ padà lọ́jọ́ kejì.

Bí ara bá ti mọ́ ọn, ẹ wá kọrí sí ìwọ̀ oòrùn. Láti Ìdó, ẹ lọ sí Ìjerò, kí ẹ dé Arámọ̀kọ, kí ẹ sùn. Lọ́jọ́ kejì, ẹ gba Erìjìyàn lọ sí Ìkògòsì, níbi tí omi gbígbóná àti omi tútù ti ń ṣàn pàdé ara wọn. Ẹ ki ẹsẹ̀ bọ omi gbígbóná náà. Kò sí oògùn tó dà bí rẹ̀ fún itan tó ń ro ni. Ẹni tó bá tún fẹ́ rí òkè gidi, kó dé oríta Ìtawúre, kó gba ọ̀nà Ẹ̀fọ̀n-Aláayè. Níbẹ̀ ni yóò ti mọ̀ bóyá gíà òun pé.

Àkókò ọyẹ́ ló dára jù, nígbà tí òjò ti lọ. Ẹ má rin òru rárá. Kí ẹ tó gbéra láàárọ̀, ẹ bi àwọn awakọ̀ ní gáréèjì bí ọ̀nà ṣe rí. Ní oṣù kìíní ọdún 2024, àwọn agbébọn pa ọba méjì lójú ọ̀nà ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìkọ̀lé. Nítorí náà, bí àwọn awakọ̀ bá ní kí ẹ má gba ọ̀nà kan, ẹ gbọ́ràn sí wọn lẹ́nu, ẹ gba òmíràn.

Táyà á sì jò, ó dájú. Bí kò bá sí fọkanáísà nítòsí, ẹ lè ṣe é fúnra yín. Ẹ fi ọwọ́ ṣíbí méjì yọ etí táyà kúrò lára irin, ẹ fa túbù jáde, ẹ fẹ́ atẹ́gùn sí i. Ẹ tọrọ abọ́ omi kan lọ́wọ́ ìyá tó ń lọ ata létí ọ̀nà. Ẹ máa ri túbù náà sínú omi díẹ̀díẹ̀, ẹ máa yí i. Ibi tí omi bá ti ń hó kúlúkúlú ló ti lu. Ẹ nù ún gbẹ, ẹ fi pépà oníyanrìn ha ojú rẹ̀ títí yóò fi rí ṣákiṣàki, ẹ fi góòmù sí i. Ẹ má tíì lẹ̀ ẹ́ o! Ẹ dúró kí góòmù náà gbẹ díẹ̀ kí ẹ tó tẹ ègé róbà tí ẹ máa fi dí i mọ́ ọn. Ìkánjú níbí ló ń mú kí ọ̀pọ̀ tún un ṣe lẹ́ẹ̀kejì. Kí ẹ tó dá túbù padà, ẹ fi ìka yẹ inú táyà wò jẹ́jẹ́, torí ìṣó tàbí ẹ̀gún náà lè ṣì wà níbẹ̀.

Ó ku sísọ̀ kalẹ̀. Gígun òkè ń dá ènìyàn lágara, sísọ̀ kalẹ̀ ló ń ṣe ènìyàn léṣe. Lórí kẹ̀kẹ́ tí bíréèkì rẹ̀ ń fún irin táyà, bí ẹ bá di bíréèkì mú láti òkè dé ìsàlẹ̀ láìjuwọ́, irin náà á gbóná, túbù sì lè bẹ́. Ẹ fún un, ẹ tú u, ẹ tún un fún. Ẹ sún ìdí sẹ́yìn lórí ìjókòó. Kí ẹ tó dé kọ́nà ni kí ẹ ti dín eré kù, kì í ṣe nínú kọ́nà, nítorí ẹ kò mọ̀ bóyá tírélà ló ń bọ̀. Kí ẹnì kan má sún mọ́ ẹlòmíràn. Bí irin táyà bá tutù fún omi, bíréèkì kò ní tètè mú.

Iṣẹ́ fún kíláàsì: ẹ wá kẹ̀kẹ́ kan ní àdúgbò yín, kódà kó jẹ́ ti ọmọdé. Ẹ ka eyín iwájú, ẹ ka ti ẹ̀yìn, kí ẹ fi ti ẹ̀yìn pín ti iwájú. Ẹ kọ èsì rẹ̀ sínú ìwé yín, ẹ tún fi teèpù wọn bí kẹ̀kẹ́ náà ṣe ń jìnnà tó nígbà tí pẹ́dàlì bá yí ká lẹ́ẹ̀kan.