Nọ́ńbà Ńlá Kọ́ Ni Bátìrì Tó Dára

Ẹ̀kọ́ tí mo mú wá sórí pátákó wa lọ́sẹ̀ yìí, inú iná ni mo ti kọ́ ọ.

Lóṣù tó kọjá, màmá mi fún mi lówó pé kí n ra bátìrì sí tọ́ọ̀ṣì tí a máa ń tàn tí wọ́n bá ti mú iná lọ. Oríṣi méjì ni mo bá lórí àtẹ. Wọ́n kọ 2600 mAh sára ọ̀kan, wọ́n kọ 9900 mAh sára èkejì, èkejì yẹn ló tún wá dínwó jù. Mo rò pé mo gbọ́n. Mo ra méjì nínú rẹ̀, mo sì fi ṣẹ́ńjì ra búrẹ́dì. Lálẹ́ ọjọ́ kẹta, mo ki ọ̀kan bọ ṣájà lórí fóòmù wa, mo bá sùn lọ. Òórùn ló jí mi. Èéfín ń tú jáde lára bátìrì, ó ti jó ihò sínú fóòmù, ibẹ̀ kò sì ju ìwọ̀n apá kan lọ sí orí àbúrò mi. Bàbá mi fa wáyà yọ, wọ́n sì fi ìgbálẹ̀ gbá a jáde sórí sìmẹ́ǹtì. Ẹnikẹ́ni kò fara pa. Ṣùgbọ́n títí di òní, bí àbúrò mi bá rí tọ́ọ̀ṣì, á sún sẹ́yìn. Ẹni ejò bù rí, bó rí ekòló, á sá.

Mo gbé bátìrì kejì lọ bá ọ̀gá tó ń kọ́ wa ní físíìsì. Ohun tí wọ́n là mí lóye, pẹ̀lú èyí tí mo fúnra mi kà, nìyí.

Orúkọ bátìrì náà ni 18650. 18 ni fífẹ̀ rẹ̀ ní mìlímítà, 65 ni gígùn rẹ̀, 0 tó kẹ́yìn sì ń sọ pé ó rí róbótó bí agolo. Lithium-ion ni. Òun náà ló wà nínú ọ̀pọ̀ power bank, fáànù alágbèéká, àti sìgá oníbátìrì tí wọ́n ń pè ní vape.

1. Ẹ wo nọ́ńbà. Títí di ìsinsìnyí, 18650 tó dára kì í sábà ju nǹkan bíi 3500 mAh lọ. Bí ẹ bá rí 9900, irọ́ ni. Ẹ fi í sílẹ̀ fún ẹni tó ni ín.

2. Ẹ gbé e wò. Èyí tó dára máa ń wọn nǹkan bíi gíráàmù 45 sí 50. A gbé tèmi lé òṣùwọ̀n láàbù, gíráàmù 29 péré ni!

3. Ẹ wo awọ ara rẹ̀. Orí tó yọ sókè nìkan ni pósítíìfù. Gbogbo ara agolo yòókù, négétíìfù ni. Bí awọ bá ya, tàbí tí ẹ jù ú sápò pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ àti owó wẹ́wẹ́, irin lè so méjèèjì pọ̀, ó di iná nìyẹn. Àwọn kan tún máa ń tú bátìrì laptop àtijọ́, wọ́n á wé awọ tuntun sí i lára. Ẹ ṣọ́ra.

4. Ẹ bi í léèrè iṣẹ́ tó lè ṣe. Ẹ ronú kan kẹ́ẹ̀gì omi. mAh ni bí kẹ́ẹ̀gì ṣe tóbi tó, ampere ni bí ẹnu rẹ̀ ṣe fẹ̀ tó. Tọ́ọ̀ṣì kékeré kì í sábà fà ju ampere kan tàbí méjì lọ. Vape yàtọ̀. Ẹ rántí òfin Ohm: ẹ fi resistance pín volt. Bí wáyà inú vape bá jẹ́ ohm 0.2, tí bátìrì sì kún dé volt 4.2, 4.2 ÷ 0.2 = 21. Ampere 21! Bí ó bá jẹ́ ampere 10 ni wọ́n ṣe bátìrì yẹn fún, á gbóná kọjá ààlà, ó sì lè bú gbàmù lápò ẹni. Mo sọ ọ́ nítorí mo mọ̀ pé àwọn kan ń yọ bátìrì tọ́ọ̀ṣì ilé wọn sínú vape. Mi ò polówó vape o. Nicotine inú rẹ̀ kò ṣe ọmọ ilé-ìwé lóore. Àmọ́ bí ẹ ò bá tiẹ̀ gbọ́ ti ẹ̀dọ̀fóró, ẹ gbọ́ ti Ohm.

5. Ẹ ṣọ́ ṣájà. Ṣájà ti lithium, tó máa ń dá dúró ní volt 4.2, ni kí ẹ lò. Orí sìmẹ́ǹtì ni kí ẹ gbé e sí, kì í ṣe orí fóòmù. Ẹ má sùn tì í bíi tèmi.

Bí bátìrì bá ti gbóná jù tàbí tó ń jò, ẹ má lò ó mọ́. Ẹ fi téèpù lẹ orí àti ìdí rẹ̀. Ẹ má sì jù ú sórí ààtàn tí wọ́n ń dáná sun, torí ó lè bú.

Lónìí tí ẹ bá délé, ẹ ṣí tọ́ọ̀ṣì yín wò. Owó tí mo rò pé mo fi pamọ́ kò tó owó fóòmù tí a rà. Ti àbúrò mi ni mi ò bá má rí rà.