Nígbà Tí Oògùn Kò Bá Ràn Mọ́

Ẹ̀yin ọmọ ìyá nínú Ìsìláàmù, bí jẹjẹrẹ prọ́sítéètì bá ti wọ egungun, tí dókítà sì ní oògùn kò kápá rẹ̀ mọ́, ìtọ́jú kò tíì parí. Ìyàwó Ànábì Ayyūbu dúró ti ọkọ rẹ̀ nínú àìsàn.

Kí ìyàwó béèrè oògùn ìrora fún ọkọ. Èyí kò ba sùúrù jẹ́. Bí kò bá lè dúró, kí ó jókòó kírun. Bí kò bá lè jókòó, kí ó fi ẹ̀gbẹ́ dùbúlẹ̀ kírun. Kí ó sọ gbèsè àti wàsíyà rẹ̀ nígbà tí làákàyè rẹ̀ ṣì pé.

Ojúṣe àwa ará mọ́sálásí ni láti gba àìsùn òru lọ́wọ́ ìyàwó náà, nítorí ó ti rẹ òun pẹ̀lú. Kí Ọlọ́hun rọ̀ wọ́n lọ́rùn. Àmín.