ÌBỌN ÀTI ÀWO OÚNJẸ: Bí A Ṣe Lè Yẹ Àríyànjiyàn Ẹgbẹ́ Òṣèlú Lórí Owó Ìlú Wò

Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá tí a jọ wà lẹ́nu ẹ̀kọ́ ní ìhà Òkè Ọya níbí, ẹ̀kọ́ tiwa lọ́tẹ̀ yìí dá lórí ọ̀rọ̀ kan tí ó máa ń fa ariwo nínú iyàrá wa ní alaalẹ́: kí ni ó yẹ kí ìjọba fi owó ìlú ṣe? Ẹnì kan yóò ní kí ìjọba tọ́jú aláìní. Ẹlòmíràn yóò ní irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀ ni ó ń sọ ènìyàn di ọ̀lẹ. Ẹni kẹta yóò bèèrè ohun tí ọmọ ogun wa ń wá lọ sí ilẹ̀ onílẹ̀. Kí ilẹ̀ tó mọ́, oníkálukú ti gbé ẹgbẹ́ òṣèlú wọ̀ bí ẹ̀wù, a ti pín sí méjì, kò sì sí ẹni tí ó rí ẹ̀kọ́ kan kọ́ níbẹ̀.

Ohun tí a fẹ́ kí ó yé wa ni èyí: kò sí ẹgbẹ́ òṣèlú tí kì í náwó. Kì í ṣe bóyá kí á ná owó tàbí kí á má ná an ni wọ́n ń jà lé lórí. Ohun tí ó wà nídìí ìjà náà ni ẹni tí a ó ná an fún, ẹni tí yóò san án, àti ìgbà tí yóò san án. Ìbéèrè kẹta yìí ni àwọn olóṣèlú kì í fẹ́ kí á bèèrè, òun gan-an ni a ó sì tẹnu mọ́. A ó kọ́kọ́ mú àpẹẹrẹ láti Amẹ́ríkà, nítorí pé ọ̀rọ̀ náà hàn kedere níbẹ̀, orí ìwé ni wọ́n sì ń kọ ìbò aṣòfin wọn sí. Lẹ́yìn náà a ó padà sílé.

1. OHUN TÍ ẸGBẸ́ KỌ̀Ọ̀KAN Ń SỌ

Ẹgbẹ́ ńlá méjì ni ó ń du ìjọba ní Amẹ́ríkà, Democrat àti Republican. Roosevelt tí í ṣe ọmọ ẹgbẹ́ Democrat ni ó fọwọ́ sí òfin Social Security ní 1935, kí àwọn arúgbó lè máa rí owó gbà. Láti ìgbà náà ni ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń sọ pé ọjà kò mọ arúgbó, kò sì mọ aláìsàn. Pé ẹni tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lè má jẹ̀bi. Pé ìjọba ni ó yẹ kí ó gbé irú ẹni bẹ́ẹ̀ dìde.

Àwọn Republican ní tiwọn a máa dáhùn pé owó tí ìjọba ń ná, òógùn ojú ẹnì kan ni. Ẹni tí ó làágùn ni ó mọ bí yóò ti ná an. Bí ìjọba bá ń gbé oúnjẹ sẹ́nu ènìyàn lójoojúmọ́, apá rẹ̀ yóò rọ. Kí ìjọba dáàbò bo ìlú, kí ó sì jẹ́ kí ará ìlú wá oúnjẹ tirẹ̀.

Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ méjèèjì. Àwọn baba wa ni ó sọ pé àtẹ́lẹwọ́ ẹni kì í tan ni jẹ. Àwọn náà ni ó tún sọ pé ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ìlú tí ó bá di ọ̀kan mú tí ó ju èkejì nù yóò kàgbákò.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á fi ìṣe wọn wé ọ̀rọ̀ ẹnu wọn. Reagan, ọmọ ẹgbẹ́ Republican, ṣe ìjọba láti 1981 sí 1989. Ó dín owó orí kù, ó dín ìrànlọ́wọ́ àwọn aláìní kù, ó sì fi kún owó àwọn ológun. Nígbà tí yóò fi kúrò níbẹ̀, gbèsè ìjọba Amẹ́ríkà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́ta. Clinton, ọmọ ẹgbẹ́ Democrat, ni ó fọwọ́ sí òfin 1996 tí ó fi gbèdéke sí iye ọdún tí ìdílé aláìní lè fi gba owó ìrànlọ́wọ́. Ìjọba tirẹ̀ náà ni ó rí owó ṣẹ́kù nínú ètò ìnáwó láti 1998. Bush tí ó tẹ̀lé e, Republican, tún fi owó oògùn kún ètò ìlera àwọn arúgbó ní 2003. Ẹni tí ó bá ń fi orúkọ ẹgbẹ́ nìkan mọ ìnákúnàá, àṣìmọ̀ ni yóò mọ̀ ọ́n.

2. OGUN KÌ Í JÓKÒÓ SÍNÚ ẸGBẸ́ KAN

Bákan náà ni ó rí nípa rírán ọmọ ogun sí òkèèrè. Àwọn kan gbà pé Republican ni ó fẹ́ràn ogun, pé Democrat ni olùfẹ́ àlàáfíà. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Eisenhower, ọ̀gágun tí ó di ààrẹ lábẹ́ ẹgbẹ́ Republican, ni ó sọ fún àwọn olóòtú ìwé ìròyìn ní oṣù Kẹrin 1953 pé owó ọkọ̀ òfurufú ajubọ́ǹbù ńlá kan ṣoṣo tó láti fi kọ́ ilé ẹ̀kọ́ sí ìlú tí ó lé ní 30.

Ẹ wo ìbò ilé aṣojú-ṣòfin wọn. Ní oṣù Kẹrin 1999, nígbà tí Clinton ń ju bọ́ǹbù ní ìlú Kosovo àti Serbia, ìbò lórí bóyá kí wọ́n fọwọ́ sí i di 213 sí 213. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn Republican ni kò fara mọ́ ọn. Ní oṣù Kẹwàá 2002, nígbà tí Bush fẹ́ gbógun ti Iraq, Republican 215 ni ó sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, 6 péré ni ó kọ̀. Nínú àwọn Democrat, 81 gbà, 126 kọ̀. Ọ̀ràn ogun méjèèjì yàtọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹni tí ó wà lórí àga yàtọ̀ pẹ̀lú, ọ̀pọ̀ ohùn sì yí pẹ̀lú àga náà.

3. ẸNI TÍ Ó FẸ́ ṢE MÉJÈÈJÌ

Johnson ni àpẹẹrẹ tí ó kọ́ni jù. Ní oṣù Kìíní 1964, ó kéde pé òun yóò bá òṣì jagun. Òun ni ó fọwọ́ sí òfin ìwé ìra-oúnjẹ fún àwọn aláìní ní ọdún yẹn. Nígbà tí ó di 28 oṣù Keje 1965, ó kéde pé ọmọ ogun Amẹ́ríkà ní Vietnam yóò ti 75,000 di 125,000. Ọjọ́ méjì péré lẹ́yìn ìyẹn, ní 30 oṣù Keje, ó fọwọ́ sí Medicare fún àwọn arúgbó àti Medicaid fún àwọn aláìní. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ó na ọwọ́ kan sí ìbọn, ó na èkejì sí àwo oúnjẹ.

Ta ni yóò san án? Johnson kò bèèrè owó orí lọ́wọ́ ará ìlú nígbà náà. Ó mọ̀ pé bí òun bá gbé iye owó ogun síta, àwọn aṣòfin tí kò fẹ́ ètò ìrànlọ́wọ́ òun yóò ní kí òun yan ọ̀kan. Ó fi í falẹ̀. Owó ọjà kò bá a falẹ̀: ní 1965, ó ń wọ́n sí i ní ìwọ̀n tí kò tó ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún, ní 1968, ó ti lé ní ìdá 4. Ní oṣù Kẹfà 1968 ni owó orí wá gorí owó orí, ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún. Kí àwọn aṣòfin tó gbà á, wọ́n fi dandan lé e pé kí ìjọba gé bílíọ̀nù 6 dọ́là kúrò nínú ìnáwó rẹ̀. Ọmọ ogun tí ó wà ní Vietnam lọ́dún náà lé ní 500,000. Martin Luther King ti kígbe ní New York ní 4 oṣù Kẹrin 1967 pé ogun yìí ń gba oúnjẹ lẹ́nu àwọn aláìní ilé. Johnson fúnra rẹ̀ kéde ní oṣù Kẹta 1968 pé òun kò du ipò mọ́.

Ẹ kíyè sí ìyàtọ̀ tí ó wà níbẹ̀. Owó aláìní ní orúkọ: gbogbo ayé ń rí ẹni tí ó gbà á, wọ́n sì ń na ìka sí i. Owó ogun kì í fi orúkọ wọlé. Pàjáwìrì ni wọ́n máa ń pè é, ẹ̀yáwó ni wọ́n sì sábà fi ń gbọ́ ọ. Nígbà ogun Iraq tí ó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹta 2003, wọn kò tilẹ̀ fi kún owó orí, ńṣe ni wọ́n dín in kù lọ́dún náà.

Yorùbá mọ irú ọ̀rọ̀ yìí dáadáa. Láyé àtijọ́, baba a yá owó, ọmọ a sì lọ sin olówó gẹ́gẹ́ bí ìwọ̀fà. Ọmọ kò mọ ohun tí baba fi owó náà ṣe. Òun ni ó ń roko olóko láàárọ̀. Ìjọba tí ó fi ẹ̀yáwó jagun ti fi ọmọ tí a kò tí ì bí ṣe ìwọ̀fà. Bí ó bá sì fi ẹ̀yáwó dín owó orí kù tàbí fi fọ́n oúnjẹ káàkiri ní ọdún ìdìbò, bákan náà ni.

4. Ẹ JẸ́ KÍ Á PADÀ SÍLÉ

Àwa náà ní àpẹẹrẹ tiwa. Nígbà tí ẹgbẹ́ Action Group ti Awólọ́wọ̀ fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn, wọ́n kọ́kọ́ bu owó lé ará ìlú. Ará ìlú bínú. Nínú ìdìbò ilé aṣòfin àpapọ̀ ní 1954, NCNC ni ó borí ní Ìwọ̀-Oòrùn, ìbínú owó orí sì wà lára ohun tí ó fà á. Ní oṣù Kìíní 1955, ilé ẹ̀kọ́ ṣí, àwọn ọmọ wọlé. Ní 1956, Action Group gba ìjókòó 48 nínú 80 nínú ìdìbò agbègbè. Wọ́n sọ iye owó kí wọ́n tó ná an, wọ́n sì jìyà rẹ̀ kí èrè tó dé. Ohun tí Johnson sá fún nìyẹn.

Òdìkejì rẹ̀ ni ti ECOMOG. Ní oṣù Kẹjọ 1990, ọmọ ogun wa wọ Liberia, lẹ́yìn náà wọ́n wọ Sierra Leone. Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú tí a kò sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ kí á sùn lóru: àwọn tí ó gbà kí á lọ ní ẹjọ́ rò, wọ́n sì lè tọ́ka sí ìdìbò 1997 ní Liberia. Ṣùgbọ́n ilé là á wò kí á tó sọmọ lórúkọ. Ìjọba ológun ni ó rán wọn lọ, kò sí aṣòfin tí yóò bèèrè iye tí yóò ná wa. Ní 1999 ni Ààrẹ Ọbásanjọ́ sọ pé bílíọ̀nù 8 dọ́là ni ó ti bá a lọ. Láàárín àkókò kan náà, ní 1992, ASUU da iṣẹ́ sílẹ̀ nítorí ipò tí yunifásítì wà, ìjọba sì fòfin de ẹgbẹ́ náà. A kò sọ pé bí sójà kò bá lọ, owó náà ì bá dé yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́. Kò sí ẹni tí ó lè búra sí ìyẹn. Ohun tí a ń sọ ni pé kò sí àyè láti bèèrè.

Àyè náà wà nísinsìnyí. Abala karùn-ún òfin ìpìlẹ̀ 1999 sọ pé ààrẹ kò gbọ́dọ̀ rán ọmọ ogun lọ jà lẹ́yìn odi láìjẹ́ pé ilé aṣòfin àgbà fọwọ́ sí i. Nígbà tí àwọn sójà gba ìjọba ní Niamey ní oṣù Keje 2023, Ààrẹ Tinubu kọ̀wé sí ilé náà. Ìpínlẹ̀ wa méje ni ó bá Niger pa ààlà, ìhà tí a ti ń kàwé yìí ni gbogbo wọn sì wà. Ìrànwọ́ orí epo ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò ní oṣù Karùn-ún ọdún náà ni, gbogbo wa ń jẹ̀rora owó ọkọ̀. Ní 5 oṣù Kẹjọ, ilé aṣòfin àgbà ní kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ ẹnu yanjú rẹ̀. Ogun kò sì ṣẹlẹ̀. Bí ẹnì kan bá gbà pé wọ́n ṣe é re tàbí wọn kò ṣe é re, ó kéré tán a bèèrè kí á tó dáwọ́ lé e.

5. ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ

Kí a má baà jẹ́ kí ẹ̀kọ́ yìí parí sórí ìwé, ẹ gbé àwọn ìbéèrè wọ̀nyí yẹ̀ wò kí á tó tún pàdé:

(i) Owó tí ìjọba ń yá akẹ́kọ̀ọ́ lábẹ́ òfin 2024, ṣé ìrànlọ́wọ́ ni tàbí gbèsè? Ta ni yóò san án, nígbà wo?

(ii) Ẹ mú ìlérí kan tí ẹgbẹ́ òṣèlú tí ẹ fẹ́ràn ṣe. Ẹ kọ iye owó rẹ̀ àti ibi tí owó náà yóò ti wá sílẹ̀. Bí ẹ kò bá rí i kọ, ẹ jẹ́wọ́.

(iii) Ìgbà wo ni ó tọ́ kí á rán ọmọ ogun sí ilé aládùúgbò? Kí ẹni tí ó bá sọ pé ó tọ́ sọ ohun tí a ó dín kù nílé.

Ẹgbẹ́ òṣèlú yóò máa yí orúkọ padà, àwọn tí ó wà lórí àga yóò sì máa kúrò níbẹ̀. Àwa tí a jẹ́ ọ̀dọ́ lónìí ni a ó san gbèsè tí wọ́n bá fi sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí á mọ iye rẹ̀. Ire o.