Okùn Wo Ló Lè Gbé Àrọ̀?

Lálẹ́ ọjọ́ kan, létí odò Ọ̀ṣun, lápá Aṣẹ́jìrè níbi tí wọ́n ti sé odò náà kí ará Ìbàdàn lè rí omi lò, mo fa okùn mi jáde, ìwọ̀ kò sí lẹ́nu rẹ̀ mọ́. Àrọ̀ ti gbé e lọ. Mo tan tọ́ọ̀ṣì sí ẹnu okùn náà. Èrò mi ni pé yóò já gedegbe bí ohun tí wọ́n fi ọ̀bẹ gé, ṣùgbọ́n ṣe ló funfun, tó sì ya fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bí ẹnu orín tí èèyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ rin tán. Ẹja yẹn kò já okùn mi. Ó rin ín ni.

Tẹ́ ẹ bá ra àrọ̀ lọ́jà, ẹ ti ìka bọ̀ ọ́ lẹ́nu kẹ́ ẹ tó gé e. Kò ní eyín gígùn bí ajá. Eyín wẹ́wẹ́ ló tò jọ sókè sísàlẹ̀ ẹnu rẹ̀, tí ara wọn rí ṣákiṣàki bíi pépà tí káfíńtà fi ń dán igi. Gbogbo ìgbà tó bá ń ju orí ni okùn ń ha mọ́ wọn. Ẹ̀gún méjì tún wà nínú lẹbẹ rẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí, tí etí wọn dà bí eyín ayùn. Tí ìwọ̀ bá sì ti mú un, abẹ́ gbòǹgbò tàbí àárín òkúta ló máa ń forí lé. Nítorí náà, kẹ́ ẹ tó béèrè bí ẹja ibẹ̀ ṣe tóbi tó, ẹ kọ́kọ́ wo ibi tó máa sá sí.

Láyé àtijọ́, òwú ni wọ́n fi ń ṣe okùn ìwọ̀, omi a sì máa jẹ́ kó jẹrà. Lọ́dún 1935 ni Wallace Carothers àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní DuPont, ní Amẹ́ríkà, ṣe náílọ́ọ̀nù jáde. Òun ló pọ̀ jù lọ́wọ́ àwọn apẹja wa lónìí.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ rà á, ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára ike tí wọ́n ká a mọ́. Nọ́ńbà tí mm bá tẹ̀ lé ń sọ bí okùn ṣe nípọn tó. Èyí tí kg tàbí lb bá tẹ̀ lé ń sọ ẹrù tó lè gbé kó tó já. kg ni kílò tá a fi ń wọn ẹja. lb ni pọ́ùn, kò sì tó ààbọ̀ kílò: okùn 30 lb ń gbé nǹkan bíi kílò 13 àti ààbọ̀.

Náílọ́ọ̀nù 0.50 mm sábà máa ń gbé kílò 13 sí 15. Ẹni tó ń wá àrọ̀ kílò mẹ́ta lè ní ìyẹn ti pọ̀ jù. Kò pọ̀ jù rárá. Tẹ́ ẹ bá ta kókó sí okùn, agbára rẹ̀ dín. Tó bá mu omi, ó tún dín. Kó wá ha mọ́ òkúta lẹ́ẹ̀kan péré, ẹ ò lè gbára lé nọ́ńbà yẹn mọ́.

Okùn híhun tún wà: fọ́nrán tín-ín-rín púpọ̀ tí wọ́n hun bí irun. Ó lágbára ju náílọ́ọ̀nù tí wọ́n jọ nípọn lọ, kì í sì í nà, débi pé bí ẹja bá kàn fẹnu tọ́ ìjẹ wò, ọwọ́ yín á gbọ́. Ṣùgbọ́n òkúta ń tètè gé e, ó sì lè ya ẹni tó ń fi ọwọ́ lásán fà á ní ìka. Náílọ́ọ̀nù ní tiẹ̀ máa ń nà díẹ̀, nínà yẹn ló sì ń gba ìjàkadì ẹja mọ́ra. Torí náà, tó bá jẹ́ ọwọ́ lẹ fi ń fa ìwọ̀, náílọ́ọ̀nù 0.50 tàbí 0.60 ni kẹ́ ẹ rà. Tẹ́ ẹ bá ní ọ̀pá àti ẹ̀rọ tó ń ká okùn, tí òṣíbàtà sì bo odò, ẹ lo híhun, kẹ́ ẹ wá so náílọ́ọ̀nù tó nípọn, tó gùn tó apá èèyàn, mọ́ ẹnu rẹ̀. Ibẹ̀ ni eyín àti ẹ̀gún yóò ti bá a jà.

Ẹ má sanwó kún owó torí àwọ̀ okùn. Òru ni àrọ̀ ń jẹ̀ jù, irùngbọ̀n mẹ́jọ ló sì fi ń tọ́ ọ̀nà nínú omi dúdú. Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ ṣọ́ra fún ni okùn tí wọ́n fi kọ́ sínú oòrùn níwájú ìsọ̀, torí oòrùn ń pa náílọ́ọ̀nù.

Tẹ́ ẹ bá ta kókó, ẹ fi itọ́ rin ín kẹ́ ẹ tó fà á le. Bó bá ń ha ara rẹ̀ ní gbígbẹ, ó ń gbóná, ibẹ̀ ni yóò sì ti já. Lẹ́yìn ẹja kọ̀ọ̀kan, ẹ fi èékánná méjì mú ẹnu okùn, kẹ́ ẹ rọra fà á kọjá láàárín wọn. Bó bá ń yọ̀, ẹ ju okùn náà padà sómi. Bó bá ha yín léèékánná, ẹ gé èyí tó gùn tó apá èèyàn dànù, kẹ́ ẹ tún ìwọ̀ so.