Ìparí Òjò ní Jos: Gbogbo Gbígbọ̀n Kọ́ Ni Ti Òtútù

Bí oṣù kẹjọ ọdún bá ti ń lọ sópin, ojú ọjọ́ ní orí òkè Jos, ní ìpínlẹ̀ Plateau, a máa bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà. Òjò tó pọ̀ jù lọ ní oṣù keje àti oṣù kẹjọ yóò máa dín kù nínú oṣù kẹsàn-án, yóò sì dáwọ́ dúró nínú oṣù kẹwàá, kí ọyẹ́ tó wọlé dé. Àkókò yìí gan-an ni ó yẹ kí àwọn òbí àti àwọn àlejò ìlú náà wà lójúfò, nítorí pé òtútù ibẹ̀ lè bo àìsàn mọ́lẹ̀.

Ìdí tí Jos fi tutù

Ìlú Jos fi nǹkan bí mítà 1,200 ga ju ojú òkun lọ. Bí ènìyàn bá gun òkè tó ga ní mítà 1,000, ooru sábà máa ń fi nǹkan bí ìwọ̀n Celsius 6 dín kù. Ìdí nìyí tí òru oṣù kẹjọ ní Jos fi lè tutù dé nǹkan bí ìwọ̀n 17, nígbà tí ooru ṣì ń mú àwọn ará Èkó. Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá, pàápàá àwọn oníṣòwò láti Ògbómọ̀ṣọ́, tó ti fi Jos ṣe ibùgbé láti ìgbà pípẹ́ mọ òtútù yìí dunjú.

Ẹ̀fọn kò bẹ̀rù òkè

Àwọn kan gbà pé kò sí ẹ̀fọn níbi tó tutù, nítorí náà wọn kì í ta nẹ́ẹ̀tì. Òótọ́ díẹ̀ wà nínú èrò yìí. Bí ojú ọjọ́ bá tutù, kòkòrò tó ń fa ibà kì í tètè dàgbà nínú ẹ̀fọn, ibà kì í sì í pọ̀ lórí òkè tó ti pẹ̀tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí kò pọ̀ kì í ṣe ohun tí kò sí.

Nígbà tí òjò bá ń kásẹ̀ nílẹ̀, oòrùn a máa ràn láàárín òjò kan sí èkejì, ilẹ̀ a móoru, omi a sì dúró sójú kan. Inú irú omi bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀fọn tó ń gbé ibà kiri ń yé ẹyin sí. Agbègbè Jos ní irú rẹ̀ lọ́pọ̀lọpọ̀, nítorí pé àwọn kòtò tí wọ́n gbẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1900, nígbà tí wọ́n ń wa àlùmọ́ọ́nì tí wọ́n ń pè ní tin, ti di adágún omi.

Ohun mìíràn ni pé ara ẹni tí ibà kì í sábà mú kì í fi bẹ́ẹ̀ ní agbára láti bá a jà. Bí ọmọ tó dàgbà sí orí òkè bá lo ìsinmi ní pẹ̀tẹ́lẹ̀, ó lè tó ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ibà tó fara hàn, nígbà tó bá ti padà sílé.

Àmì tó yẹ kí a fiyè sí

Òtútù ojú ọjọ́ máa ń rọlẹ̀ bí ènìyàn bá wọ aṣọ tó nípọn. Gbígbọ̀n ti ibà kì í gbọ́ ti aṣọ: ara yóò gbóná, orí yóò máa fọ́, oúnjẹ yóò sú aláìsàn, ó sì lè máa bì. Òtútù àyà náà a máa mú ara ọmọdé gbóná. Ọmọ náà yóò máa mí kíákíá, ìsàlẹ̀ àyà rẹ̀ yóò sì máa wọnú bó ṣe ń mí. Nítorí pé àwọn àìsàn wọ̀nyí jọra, ojú lásán kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ni yóò fi hàn bóyá ibà wà lára. Ibà tí wọn kò tètè tọ́jú lè di èyí tó ń ṣekú pa ni láàárín wákàtí 24.

Ewu iná èédú

Nítorí òtútù, àwọn ìdílé kan máa ń gbé iná èédú wọ yàrá, wọ́n á sì ti ilẹ̀kùn àti fèrèsé. Èédú tó ń jó ń tú èéfín olóró kan jáde tí kò ní àwọ̀, tí kò sì ní òórùn. Ó ń fa orí fífọ́, òòyì àti èébì, ó sì lè pa ẹni tó ń sùn kó tó mọ̀. Bí gbogbo ará yàrá kan bá jí pẹ̀lú orí fífọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, kí wọ́n má ṣe pè é ní ibà. Kí wọ́n tètè jáde síta, kí wọ́n sì lọ sí ilé ìwòsàn.

Ohun tó yẹ ní ṣíṣe

• Kí gbogbo ìdílé máa sùn lábẹ́ nẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fi oògùn ẹ̀fọn sí, bó ti wù kí òru tutù tó.
• Kí wọ́n da omi inú táyà àti agolo àtijọ́ nù, kí wọ́n sì má ṣe jẹ́ kí ọmọdé ṣeré lẹ́bàá àwọn kòtò omi.
• Aṣọ tó nípọn àti bùláńkẹ́ẹ̀tì ni kí wọ́n fi lé òtútù, kì í ṣe iná èédú nínú yàrá.
• Kí wọ́n tẹ́tí sí àsọtẹ́lẹ̀ òjò tí àjọ ojú ọjọ́ ilẹ̀ Nàìjíríà, NiMet, ń gbé jáde lọ́dọọdún, kí wọ́n lè mọ ìgbà tí òjò yóò dáwọ́ dúró.
• Bí ara ọmọ bá gbóná tó sì ń gbọ̀n, kí wọ́n gbé e lọ fún àyẹ̀wò lọ́jọ́ náà gan-an, kí wọ́n má ṣe dúró di ọjọ́ kejì láti wò bóyá òtútù lásán ni.